Àbúrò Mi àti Ìjọ Àwọn Mọ́mọ́nì

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ó kù díẹ̀ kí èmi fúnra mi di irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní ilé wa ní Ẹdẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà kan àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ẹni tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tí ó sì di ọmọ ìjọ tí ayé ń pè ní Mọ́mọ́nì níbẹ̀. Nítorí pé ọmọ onírúurú ẹ̀sìn ni àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ yìí yóò máa kọ́ lọ́la, mo rò pé ó yẹ kí n sọ ohun tí ojú mi rí àti ohun tí mo rí kọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, ìyá wa po tíì, ó sì gbé búrẹ́dì kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ kí bàbá wa, ó jókòó, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ife rẹ̀. Bàbá wa, tí í ṣe díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, bi í pé, "Ṣé ara rẹ kò yá ni?" Ó dáhùn pé, "Ara mi yá, Bàbá. N kì í mu tíì mọ́ ni; ẹ má bínú." Bàbá wò ó títí, ó ní, "Ọtí ni mo kìlọ̀ rẹ̀ fún ọ. Ta ni ó sọ tíì di ọtí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àbúrò mi pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Nígbà tí a gbọ́ pé òfin ìjọ kan ni, ìjọ tí kì í ṣe tiwa, bàbá wa dìde, ó sì fi oúnjẹ sílẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti àbúrò mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí náà mo ní kí ó ròyìn wòlíì rẹ̀ fún mi. Ó sọ fún mi nípa Joseph Smith, ọmọ àgbẹ̀ tí a bí ní Amẹ́ríkà ní 1805. Ní 1820, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ìjà àwọn ìjọ ní àdúgbò rẹ̀ dà á lọ́kàn rú, ó sì wọ inú igbó lọ gbàdúrà láti mọ èwo nínú wọn ni òun yóò bá lọ. Ó wí pé Ọlọ́run Baba àti Ọmọ fara hàn òun, wọ́n sì ní kí òun má ṣe bá ọ̀kankan lọ. Lẹ́yìn èyí ó wí pé áńgẹ́lì kan fi àwọn àwo wúrà tí a ti kọ̀wé sí hàn òun nínú òkè kan. Ìwé tí ó sọ pé òun túmọ̀ láti ara wọn ni Ìwé ti Mọ́mọ́nì, tí a tẹ̀ jáde ní 1830. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún náà ni a dá ìjọ wọn sílẹ̀. Orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń jẹ́ ni Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àbúrò mi kò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ó kú sí Ẹdẹ yìí ní 1959?"

Ẹ̀rín mi dá. Kò sí ọmọ Ẹdẹ tí kò gbọ́ pé ìlú wa ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti sùn nínú Olúwa ní oṣù Keje ọdún náà. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Awakọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ojú títì ni, ọmọ ọdún 24, nígbà tí ó gbọ́ ohùn ní 1928 pé kí ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí ó lọ wàásù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n ní 1930 ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wọ́ lọ bá a ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, kò sì sí ẹni tí ó ń fi í rẹ́rìn-ín mọ́ lónìí.

Èmi kò sọ pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Babalọlá kò mú ìwé mìíràn wá láti fi kún Bíbélì. Smith mú un wá. Àwọn Mọ́mọ́nì a sì máa kọ́ni pé Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ jẹ́ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ṣọ̀kan nínú ète, èyí tí ó yàtọ̀ sí ìgbàgbọ́ tí a fi tọ́ mi dàgbà. N kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà pé Ọlọ́run lè bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lójú títì kò gbọdọ̀ fi ọmọ àgbẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà kí ó tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán.

Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo rí i pé ojú àwọn ènìyàn yìí rí màbo. Ní 1838 gómìnà Missouri pàṣẹ pé kí a pa wọ́n run tàbí kí a lé wọn kúrò ní ìpínlẹ̀ náà. Ní 1844 àwọn jàǹdùkú ya wọ inú ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì yìnbọn pa Smith àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Hyrum. Brigham Young kó àwọn tí ó kù rìn la aṣálẹ̀ kọjá, wọ́n sì dé àfonífojì Odò Iyọ̀ Ńlá ní oṣù Keje 1847. Wọ́n fẹ́ ìyàwó púpọ̀ pẹ̀lú, títí ààrẹ wọn Wilford Woodruff fi pàṣẹ ní 1890 pé kí a ṣíwọ́. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ ìyàwó kejì lé àkọ́kọ́, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ. Ẹ̀rín pa àwọn obìnrin ilé wa nígbà tí mo sọ èyí fún wọn pé òyìnbó náà kó obìnrin jọ rí!

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1836 wọ́n fi ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Elijah Abel, jẹ oyè àlùfáà. Ṣùgbọ́n ní 1852 Brigham Young kéde pé ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ jẹ oyè náà mọ́. Òfin yìí dúró fún ọdún 126, títí di oṣù Kẹfà 1978. Nígbà tí òfin náà ṣì wà, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ń kọ lẹ́tà sí Amẹ́ríkà pé kí ẹ wá bá wa. LaMar Williams wá wò wọ́n ní 1961, ṣùgbọ́n ìjọba wa kò fún àwọn míṣọ́nnárì wọn ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń dúró ni Anthony Obinna, olùkọ́ bí tiwa, ní ilẹ̀ Ìgbò. Ó lá àlá ní 1965 pé a mú òun wọ ilé ẹlẹ́wà kan. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó rí àwòrán ilé náà nínú ìwé ìròyìn, tẹ́ńpìlì àwọn Mọ́mọ́nì sì ni. Ó kọ̀wé, ó tún kọ̀wé, ó dúró. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá 1978 ni a ṣe ìrìbọmi fún un. Ní 2005 wọ́n ya tẹ́ńpìlì kan sí mímọ́ ní Ábá.

Mo bi àbúrò mi pé, "Báwo ni ìwọ ṣe lè wọ ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ irú wa fún ọdún 126?" Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, n kò lọ sí ìsìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Obinna kan ilẹ̀kùn náà títí wọ́n fi ṣí i. Bí mo bá kọ̀ láti wọlé, ta ni ó kàn án fún?" Ní 2013 ìjọ náà tẹ ìwé kan jáde pé àwọn kò fara mọ́ àwọn àlàyé àtijọ́ tí a fi ń gbe òfin yẹn lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú mi. Ṣùgbọ́n mo rántí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, bí àwọn òyìnbó míṣọ́n ṣe kàn án lábùkù ní 1890 ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Mo rántí àwọn Onítẹ̀bọmi Èkó tí wọ́n ya kúrò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní 1888. Ìjọ wo ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀ràn yìí?

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ìjà gidi dé. Àwọn Mọ́mọ́nì gbàgbọ́ pé alààyè lè ṣe ìrìbọmi nítorí òkú, àti pé òkú náà lómìnira láti gbà á tàbí láti kọ̀ ọ́ ní ibi tí ó wà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń wá orúkọ àwọn baba ńlá wọn kiri. Èmi ni ìyá bàbá wa kọ́ ní oríkì ilé, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni àbúrò mi mú ìwé rẹ̀ wá. Bàbá wa gbọ́. Ó pariwo pé, "Mùsùlùmí ni bàbá mi títí ó fi kú! Èmi tí mo jẹ́ díákónì kò yọ ọ́ lẹ́nu láàyè; ìwọ fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu nínú sàréè?" Mo fẹ́ fa ìwé náà ya. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní ìlànà ìjọ òun ni pé, fún ẹni tí a bí láàárín 110 ọdún sẹ́yìn, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́. "Ẹ jẹ́ kí a lọ béèrè."

A lọ sọ́dọ̀ Àlàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Ó gbọ́ tẹnu àbúrò mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wá wí pé, "A kì í fi orúkọ ilé pamọ́ fún ọmọ ilé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má baà gbàgbé wa. Ṣùgbọ́n ní ti ìwẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi wẹ bàbá mi kí a tó kírun sí i lára. Mo wẹ̀ ẹ́ dáadáa." Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá. N kò ní fi orúkọ wọn ránṣẹ́." Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn orúkọ náà, orúkọ méje, mo sì ń kọ wọ́n. Mẹ́ta nínú wọn, n kò gbọ́ wọn rí.

Bí a ti ń padà bọ̀, àbúrò mi kò sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí ó jọ̀wọ́ kì í ṣe kékeré, nítorí oore ni ó gbàgbọ́ pé òun fẹ́ ṣe fún bàbá àgbà. Bàbá wa béèrè ohun tí Àlàájì wí, a sì sọ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìyá wa ń po tíì, bàbá wa wí pé, "Bu ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ yẹn."

Ní oṣù Kejì mo bá àbúrò mi lọ sí ìsìn ní Ìbàdàn. Búrẹ́dì àti omi ni wọ́n fi jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó sì gbàdúrà lé e lórí. Kò sí pásítọ̀ tí ń gba owó oṣù. Ọmọ ìjọ ni ó wàásù. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọn a gbààwẹ̀, wọn a sì fi owó oúnjẹ náà fún aláìní. Wọn kò lu ìlù. Èmi tí mo ti ìlú Tìmì Láoyè wá, ọba tí ó jẹ́ Onítẹ̀bọmi tí ó sì tún jẹ́ ọ̀gá onílù, ìlù ni ó ń wù mí gbọ́ jálẹ̀ ìsìn náà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èmi kò di Mọ́mọ́nì, n kò sì ní dà á. Ṣùgbọ́n Ẹdẹ ni ìlú tí Tìmì Lágúnjú ti fi ẹ̀sìn Ìsìláàmù jọba ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí Láoyè sì fi ẹ̀sìn Krístì jọba láti 1946 sí 1975, tí ìlú kò sì tú. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kan yóò jókòó ní kíláàsì yín tí kò ní mu ohun tí ẹ̀ ń mu, tí kò ní gbàdúrà bí ẹ ti ń gbàdúrà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ tán, gẹ́gẹ́ bí Àlàájì ti ṣe. Bí ẹ bá ní láti sọ fún un pé rárá, yóò lè gbà á lẹ́nu yín.