Ọkọ̀ Òfurufú Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Kpingni, ìyá àgbà kan nínú kíláàsì wa gbé ẹfun ìkọ̀wé sílẹ̀. Ó ní: «Ọmọ mi, orí mi ti gbó. Kò lè gba ìwé mọ́.» Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó. Lẹ́yìn náà, mo sọ ìtàn yìí fún gbogbo wọn.

Ní 1860, ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó ẹrú láti Ouidah lọ sí Alabama, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn. Ní 1925, ìwé kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà sọ pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kéré sí ti aláwọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n ní 1941, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú bí a ti ń wa ọkọ̀ òfurufú ogun, ní Tuskegee, ní Alabama kan náà.

Ọkọ̀ Stearman ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Igi ni wọ́n fi ṣe ìyẹ́ rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Ìjókòó méjì ló ní: ọ̀kan fún olùkọ́, ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn méjèèjì ló lè darí rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣì í ṣe, olùkọ́ a tún un ṣe. Bí ọkọ̀ náà bá balẹ̀, imú rẹ̀ a ga, kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí iwájú dáadáa. Bí awakọ̀ kò bá ṣọ́ra títí ọkọ̀ yóò fi dúró, ó lè yí bírí. Síbẹ̀, títí di 1946, àwọn tó yege ní Tuskegee fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000.

Lẹ́yìn ogun, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, tí wọ́n ṣe ní 1944, bàjẹ́. Ní 2005, ológun òfurufú kan, Matt Quy, rà á, ó sì tún un ṣe. Ó wádìí, ó rí i pé ní Tuskegee ni wọ́n ti lò ó. Àwọn awakọ̀ Tuskegee tó ti darúgbó kọ orúkọ wọn sára ìlẹ̀kùn kékeré kan lára rẹ̀. Ní 2011, ó wà á lọ sí Washington. Ibẹ̀ ló wà, nínú ilé ńlá tí wọ́n ṣí ní 2016, tí wọ́n ń tọ́jú ohun ìrántí àwọn aláwọ̀ dúdú sí.

Iṣẹ́ ọkọ̀ yìí kì í ṣe ogun jíjà. Kíkọ́ ènìyàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ìyá béèrè pé: «Ṣé àwọn arúgbó náà fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn?»

Mo ní: «Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá.»

Ó mú ẹfun. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò di ọwọ́ rẹ̀ mú.