Dígí Màmá

Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku a bo gbogbo fèrèsé ilé wa ní Ìbàdàn, dígí gogoro tó wà ní yàrá màmá mi kì í sì í gbẹ́yìn. Èmi ni mo máa ń nù ún. Ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ ń lò. Omi a gbẹ, ọṣẹ a kù síbẹ̀, ìlà funfun a sì hàn. Màmá ló kọ́ mi lọ́gbọ́n mìíràn: fínígà díẹ̀ nínú omi, lẹ́yìn náà ìwé ìròyìn àtijọ́ láti fi nù ún gbẹ (ẹ̀yin òǹkàwé, ọwọ́ a dúdú bí ìdí ìkòkò!). Kí oòrùn má sì ràn sí i lára, nítorí omi yóò ti gbẹ kí ọwọ́ tó kárí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo nù ún tán, Màmá ní ó ṣì ṣú. Mo tún un nù. Wọ́n ní, "O ò nù ún dáadáa." Inú bí mi. Níbi tí mo ti ń nù ún lẹ́ẹ̀kẹta ni mo ti rí ojú wọn nínú dígí, mo rí ohun funfun tó bo ẹyinjú wọn. Mo ju ìwé ìròyìn sílẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà tí a dé láti ilé ìwòsàn, Màmá dúró pẹ́ níwájú dígí náà. Wọ́n na ìka sókè, wọ́n ní, "Ìlà kan ṣì wà níbẹ̀ yẹn."