Ẹ̀kọ́ Ilé ní Jos

Èdè wa ti ní "ẹ̀kọ́ ilé" kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé àwọn òbí kan ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọmọ wọn ní ìwé nínú yàrá ìgbàlejò. Bí Yorùbá bá ní ọmọ kan kò ní ẹ̀kọ́ ilé, kì í ṣe ìṣirò tàbí gírámà ni wọ́n ní kò mọ̀. Ó lè ti gboyè ní yunifásítì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò mọ bí a ti ń kí àgbà, kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Láti ìgbà tí ilé-ìwé ti dé ni a ti pín iṣẹ́ náà sí méjì, olùkọ́ mú ìwé, òbí mú ìwà. Ọdún 2020 da ìpín yẹn rú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé-ìwé ṣíwọ́ ní oṣù kẹta nítorí àrùn Kòrónà, ìwé àti ìwà bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan náà lábẹ́ òrùlé kan náà. Èrò mi ni pé ìdílé onígbàgbọ́ tí ó bá yàn láti máa kọ́ ọmọ nílé ní ẹ̀tọ́ sí i, àti pé ìlú Jos, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, ń béèrè ohun kan lọ́wọ́ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ tí ìlú mìíràn lè má béèrè.

Ilé-ìwé kì í ṣe ohun kékeré ní Jos. Orí òkè tí ó ga ju mítà 1,200 lọ ni ìlú náà wà, otútù rẹ̀ sì bá àwọn òyìnbó míṣọ́n lára mu. Wọ́n dá ilé-ìwé Hillcrest sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1942 fún àwọn ọmọ míṣọ́nnárì. Ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ ìjọ ECWA àti ti COCIN wà títí di òní. Àwọn Yorùbá tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin àti òwò gòkè lọ, pàápàá àwọn Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́, gbé ìjọ wọn dání, ibi tí ìjọ bá sì wà, ilé-ìwé kì í jìnnà síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé onígbàgbọ́ tí ó mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé ń wó ilé tí àwọn baba rẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ilé náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Badagry ní 1843 kò jìnnà sí ilé gbígbé rárá. Àwọn tí ń wàásù ni wọ́n ń kọ́ni, ọmọ sì ń rí olùkọ́ rẹ̀ bí ó ti ń jẹun, tí ó ń gbàdúrà, tí ó ń bínú. Orí kẹfà ìwé Deuteronomi, tí àwọn ìdílé wọ̀nyí gbára lé, kò dárúkọ gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ kankan. Ìgbà ni ó dárúkọ: ìjókòó, ìrìn, ìdùbúlẹ̀, àti ìdìde.

Ìgbà yẹn gan-an ni kónílé-ó-gbélé dá padà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Plateau, lábẹ́ Gómìnà Simon Lalong, ti ìlú pa láti òru ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 2020 títí di ọjọ́ 15. Ọdún Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12, baba tàbí ìyá sì di oníwàásù nínú ilé tirẹ̀. Fún ìdílé tí ó ti ń kọ́ ọmọ nílé tẹ́lẹ̀, òwúrọ̀ kò yí padà púpọ̀: orin, àdúrà, Bíbélì kíkà yí ká, ẹ̀kọ tàbí kúnú gbígbóná, lẹ́yìn náà ìwé lórí tábìlì kan náà tí wọ́n ti jẹun. Ẹ̀gbọ́n á gbọ́ ìwé àbúrò kó tó ṣí tirẹ̀. Oṣù kẹrin ni òjò máa ń padà sórí òkè, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbin pòtétò, ẹni tí ó bá sì ní ilẹ̀ kékeré lẹ́yìn ilé ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí kò nílò iná mànàmáná. Mudu tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà ní Òkè Ọya di òṣùwọ̀n ìṣirò: bí mudu kan bá tó ẹni mẹ́fà jẹ fún ọjọ́ méjì, mélòó ni yóò tó wọn títí ọjà yóò fi ṣí? Ebi á mú kí ọmọ fẹ́ mọ ìdáhùn.

Ilé tí ó gbìyànjú láti gbé ilé-ìwé wọ inú yàrá kò rí i bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ń wọlé lórí WhatsApp, dátà ń tán, ìyá ń pariwo, ọmọ ń sunkún. Mi ò dá olùkọ́ lẹ́bi. Ó lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé tí ilé-ìwé tì mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tí ó ti múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ya ilé méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe owó nìkan. Ọ̀kan mọ̀ pé àgbàlagbà tí ó jókòó ti ọmọ ni ẹ̀kọ́ fi ń dúró, èkejì rò pé ìwé ni. Mo sì ní láti sọ ọ́ fún àwọn òbí tí wọ́n fi gbogbo ọkàn gbẹ́kẹ̀ lé ìwé ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ tí ń ti Amẹ́ríkà wá: ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Texas kò lè sọ fún ọmọ Jos pé ní 1969 ni wọ́n gbé nọ́ọ̀sì míṣọ́n kan tí àìsàn aláìlórúkọ kọlù ní abúlé Lassa wá sí ilé ìwòsàn ní Jos, tàbí pé Dókítà Jeanette Troup, tí ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tọ ipasẹ̀ àìsàn náà, kú sí Jos ní 1970 nítorí ibà Lassa yẹn kan náà. Ọmọ tí wọ́n sé mọ́lé nítorí àjàkálẹ̀ àrùn tọ́ sí ìtàn yẹn. Ẹni tí ó mọ ìlú rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ ọ́ fún un.

Èdè ńkọ́? Ọmọ Yorùbá ní Jos ń gbọ́ Háúsá ní àdúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, Yorùbá sì ń dín kù lọ́dọọdún. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ìwé wa kò tẹ̀lé e. Ìdílé tí ó ń ka Bíbélì Yorùbá láràárọ̀ ń ṣe é láìgba àṣẹ.

Wọ́n á ní àwọn òbí tí wọ́n rí já jẹ nìkan ni èyí wà fún, àti pé ìyá tí ń tajà ní ọjà Terminus kò ní wákàtí mẹ́rin láti fi jókòó. Òótọ́ ni, n kò sì fẹ́ fọwọ́ bò ó. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà, àjọ ètò ìkànìyàn wọn rí i pé láàárín àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú, ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń kọ́ ọmọ nílé ní ìgbà ìrúwé 2020, ó sì di 16.1 kí ọdún náà tó parí. Gbogbo wọn kọ́ ni olówó. Àwa sì ní àáró. Bí àgbẹ̀ ṣe ń ro oko ara wọn ní yíyípo, ìdílé mẹ́rin nínú ìjọ kan lè pín ọjọ́ láàárín ara wọn, kí ẹni tí ó mọ ìṣirò kọ́ ọmọ gbogbo wọn ní Mọ́ńdè, kí ìyá ọlọ́jà sì fi ọjọ́ tirẹ̀ kọ́ wọn ní owó kíkà. Ní ti òfin, Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti 2004 ní kí òbí rí i pé ọmọ parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ìjìyà sì wà fún ẹni tí kò ṣe é. Mo gbà pé ọmọ tí a pa tì ni òfin náà ń dáàbò bò. Ìdílé tí kò pa ọmọ tì gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, nínú ìwé iṣẹ́ tí a tọ́jú àti ìdánwò tí ọmọ jókòó fún.

Àtakò tí ó dùn mí jù ni ti ìkẹyìn. Jos ti sọkún. Rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án 2001, ti 2008 àti ti 2010 pín ìlú náà, Mùsùlùmí ń kó lọ sí apá kan, Kìrìsìtẹ́nì sí apá kejì. Ǹjẹ́ ìdílé onígbàgbọ́ tí ó tún gba ọmọ kúrò láàárín àwọn ọmọ yòókù kò tún ń mọ ògiri sí i? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé ilé-ìwé àdúgbò fúnra rẹ̀ ti di ti ẹ̀sìn kan, nítorí àdúgbò ti pín. Jíjókòó ní kíláàsì kò mú ọmọ pàdé ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò tó. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba gbogbo iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ti gba iṣẹ́ aládùúgbò náà mọ́ ọn, kò sì lè sọ pé ilé-ìwé ni kò ṣe é. Ní oṣù kẹrin yẹn, Kìrìsìtẹ́nì ṣe Àjíǹde nílé. Ní ọjọ́ 24, Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Ràmàdáánì nígbà tí ìkálọ́wọ́kò ṣì wà lórí ìpéjọpọ̀. Ní oṣù kan náà, àwọn gómìnà Òkè Ọya, tí Lalong jẹ́ alága wọn nígbà náà, fẹnu kò pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ almajiri, tí wọ́n rán kúrò nílé lọ kọ́ kéú, padà sọ́dọ̀ òbí wọn. Ilé méjèèjì, ti kéú àti ti Bíbélì, ń jìjàkadì pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: ta ni yóò kọ́ ọmọ yìí, ìgbà wo ni, kí ni yóò sì jẹ?

Nítorí náà, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tí kò ní orúkọ aládùúgbò kan tí kì í ṣe onígbàgbọ́ nínú kò tíì pé ní Jos. Kò dìgbà tí a bá pe ìpàdé àlàáfíà. Ìṣirò mudu ẹ̀wà yẹn ní apá kejì tí ìyá kò lè kọ́ ọmọ lórí tábìlì. Ọjà ti ṣí báyìí. Kí ọmọ mú ìwé rẹ̀ dání, kí ó lọ bá Alhaji tí ń ta ẹ̀wà ní Farin Gada, kí ó kí i ní Háúsá, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ iye mudu tí ó wà nínú àpò kan.