Àwọn Ọmọ Ìdànrè àti Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ńláńlá

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, ẹ kò ní tíì jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ tí àwọn àpáta ńláńlá yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí yín lókè igi. Bí ẹ ti ń súnmọ́ ìlú ni wọ́n ń ga sí i, títí tí yóò fi dà bí ẹni pé àárín agbo wọn ni títì ń gbé yín lọ. Oṣù Kọkànlá ni àwa lọ, ìgbà tí kókó pọ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà kún fún kókó tí wọ́n sá sórí tapólì, òórùn rẹ̀ sì gba inú ọkọ̀ wa pátápátá.

Láti ayébáyé ni àwọn ará Ìdànrè ti ń gbé orí òkè. Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n wà lónìí. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé-ìwé àkọ́kọ́ náà sì wà níbẹ̀, èyí tí àwọn tí ń mú àlejò gòkè sọ pé ọdún 1896 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní ọdún 2007, orúkọ Òkè Ìdànrè wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè ni a bá lọ ní tààrà. Àwọn ará wa níbẹ̀ ní kíláàsì kan fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń múra ìdánwò, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n sì ránṣẹ́ pè wá pé kí a wá bá wọn wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin òbí mọ ohun tí à ń sọ. Ọmọ lè mọ Ìṣirò, kí ó mọ Bàólógì, bí kò bá ti ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Ti JAMB náà kò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2015 ni ó ti jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é, ìbéèrè 180 ni ó sì wà nínú rẹ̀ báyìí. Gẹ̀ẹ́sì nìkan kó 60, àwọn ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù sì ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó lè yẹ̀ é.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí a kò ní dárúkọ. Ó ti ṣe ìdánwò WAEC lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ ni ó ti gbà, àfi Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó wù ú. Baba rẹ̀, tí ó jẹ́ àgbẹ̀ kókó, wá kí wa, ó sì sọ ọ́ níṣojú ọmọ náà pé, “Ẹ̀yin tíṣà, owó ìdánwò kẹrin ni mo san yìí o. Àbúrò rẹ̀ méjì wà lẹ́yìn. Bí èyí náà kò bá bọ́ sí i, kí ó wá máa bá mi fọ́ kókó.” Ẹ má ṣe rò pé baba náà le. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká ni ó sọ. Ó tún sọ fún wa pé ẹnì kan ti wá fi ibùdó kan lọ òun, níbi tí wọ́n ti ń gba owó kí wọ́n lè bá ọmọ kọ ìdánwò, òun sì ní kí onítọ̀hún máa lọ. A bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nítorí èyí.

Ọmọ náà fi ìwé kan hàn wá. Ó ti pín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí méjì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, ìtumọ̀ lápá ọ̀tún, bí ó ti dà wọ́n kọ láti inú ìwé atúmọ̀ èdè. Láti A ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti parí A, ó ti parí B, ó ti dé àárín C. A bi í ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú A, ó ka ìtumọ̀ mẹ́jọ lórí láìwo ìwé. A wá ní kí ó mú ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́jọ náà, kí ó fi sọ nǹkan kan nípa ilé wọn. Ó dákẹ́ lọ gbári.

Arákùnrin kan nínú wa tí ó ti kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún méjì ní ìlú Ṣáínà rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí ó rí ìwé náà. Ó ní ohun tí òun bá lọ́hùn-ún gan-an nìyẹn. Ìdánwò àṣewọ yunifásítì wọn, tí wọ́n dá padà ní ọdún 1977 lẹ́yìn tí ó ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Gẹ̀ẹ́sì nínú. Bí ọmọ bá sì wọ yunifásítì tán, òmíràn tún ń dúró dè é, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Nítorí náà wọ́n a máa ra ìwé àkójọ ọ̀rọ̀, wọ́n a sì máa há a sórí láti òwúrọ̀ kùtùkùtù. Nínú púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni “abandon”, èyí tí ó túmọ̀ sí kí a pa nǹkan tì. Àwọn ọmọ Ṣáínà fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ láàárín ara wọn pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ìwé náà tì! Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin wa yẹ ìwé tirẹ̀ wò, “abandon” wà lójú ìwé kìíní.

Ohun tí arákùnrin wa sọ tẹ̀ lé e ni ó jẹ́ kí àwọn ọmọ náà jókòó dáadáa. Ó ní bí òkun ti jìnnà tó láàárín àwa àti àwọn ará Ṣáínà, ohun kan náà ni ó ń bá wa jà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èdè olóhùn ni tiwa, èdè olóhùn ni tiwọn. Nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu, tí wọ́n bá ní kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù, olúkúlùkù wa a máa wá ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ìwé kan, ìwé mẹ́ta: ọ̀rọ̀ náà kò yí padà lẹ́nu wa, kò sì yí padà lẹ́nu wọn. Mo lọ lánàá, mo máa lọ lọ́la: “lọ” ni “lọ” ń jẹ́. Àwa ń pe ọkùnrin ní “ó”, à ń pe obìnrin ní “ó”. Wọ́n ń pe ọkùnrin ní “tā”, wọ́n ń pe obìnrin ní “tā”. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ṣáínà fi lè máa sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó máa sọ pé “he”, tí ọmọ Ìdànrè náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àìlọ́gbọ́n. Èdè ilé ni ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ó tún ní èdè tiwọn a máa kan ọ̀rọ̀ kékeré mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré bí tiwa. Ọkọ̀ ojú irin lọ́dọ̀ wọn ni ọkọ̀ iná. Kọ̀ǹpútà ni ọpọlọ oníná mànàmáná. Ilé tí a ti ń ka ìwé sì ní ìwé àti ilé nínú orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é ní ilé ìkàwé. Ẹni tí ó mọ ilé, tí ó mọ ìwé, yóò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì pe ìwé ní “book”, ó wá pe ilé rẹ̀ ní “library”. Kí ni ó so wọ́n pọ̀? Èdè Látìn àti Faransé ni ó ti lọ yá ìkejì. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ńláńlá Gẹ̀ẹ́sì ni ó jẹ́ àlejò bẹ́ẹ̀, tí ó bá ìdílé rẹ̀ wọ ìlú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, ìdílé wọn ni kí ó kọ́kọ́ mọ̀, kì í ṣe kí ó máa tò wọ́n láti A lọ sí Z.

Ní ọjọ́ kejì, a gun òkè pẹ̀lú wọn. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe síbẹ̀ lé ní 600. A kò ní purọ́ fún yín, ẹsẹ̀ àwa àgbààgbà gbọ̀n. Ìyá kan nínú wa ní òun yóò dúró de wa ní ibi ìsinmi kìíní, ó sì dúró lóòótọ́! Afẹ́fẹ́ tútù wà lókè. Bí ẹ bá wẹ̀yìn, gbogbo òrùlé ìlú a dà bí ìdérí ìkòkò. Wọ́n fi ipasẹ̀ Agbóògùn hàn wá lára àpáta, èyí tí ìtàn wọn sọ pé ó máa ń gba ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà tóbi, ìbáà kéré. Ọmọkùnrin kan ní ìbá dára kí Gẹ̀ẹ́sì rí bẹ́ẹ̀.

Níbòmíràn, àwọn àmì kan wà lára àpáta bí ẹni pé ènìyàn ni ó kọ ọ́. Àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni a jókòó sí tí a ṣe ẹ̀kọ́ tí a rò pé ó dára jù nínú ìrìn àjò náà. A bi wọ́n pé kí ni Yorùbá ń fi síwájú ọ̀rọ̀ láti sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dáhùn pé “àì”: àìmọ̀, àìgbọ́ràn, àìlèkà. A ní Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀. “In” ni, bí ó ti wà nínú “incorrect”. Ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé L, ó di “il”, ìyẹn “illegible”, ohun tí kò ṣeé kà, bí ohun tí ó wà níwájú wa yìí. Bí ó bá pàdé R, ó di “ir”, “irregular”. Bí ó bá pàdé P tàbí B, ó di “im”, “impossible”.

Ọmọkùnrin kan béèrè pé èé ṣe tí kò fi dúró sójú kan. A ní kí ó sọ “ó ń lọ”, kí ó sì sọ “ó ń bọ̀”, kí ó fi ọwọ́ kan ètè rẹ̀. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ. Ètè rẹ̀ pàdé nínú ìkejì kí ó tó dé B. A ní kí ó lọ ṣí Bíbélì wa àtijọ́ wò: “nlọ” ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n “mbọ̀” ni wọ́n kọ, nítorí etí àwọn tí ó kọ ọ́ gbọ́ ọ. Ohun kan náà tí ó sọ N di M lẹ́nu wa ni ó sọ “in” di “im” nínú “impossible”. Ẹ wo ojú ọmọbìnrin wa! Ó ní, “Àǹtí, ṣé mo ti mọ̀ ọ́n láti ilé nìyẹn?”

Láti ibẹ̀ a wọ inú ohun tí wọ́n ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. “Benediction”: “bene” jẹ́ rere, “dict” jẹ́ sísọ. Wọ́n fúnra wọn ni wọ́n wá “benefit” rí, wọ́n wá “predict” rí, wọ́n wá “contradict” rí, wọ́n sì kígbe nígbà tí wọ́n rí i pé “dictionary” wà nínú ìdílé kan náà. “Scripture” mú “manuscript” wá, ohun tí a fi ọwọ́ kọ, ó sì mú “inscription” wá, ohun tí a kọ sára òkúta. Kí oòrùn tó mú wa, ọ̀rọ̀ tí ó lé ní ogún ni wọ́n ti kó jọ, kò sì sí ẹni tí ó há nǹkan kan sórí.

Àwọn òbí kan wà tí wọ́n ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá nínú ilé, wọ́n ní yóò ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. A bẹ̀ yín, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àjàyí Crowther tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí wọ́n tú sílẹ̀ tí ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró ní 1822, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí yóò fi di 1843, òun ni ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò ju èdè ìyá rẹ̀ nù kí ó tó mọ ti ẹlòmíràn. Ó gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Ní 1970 pẹ̀lú, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, tí Babs Fafunwa ṣíwájú wọn, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀kọ́ kan gbòógì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ti ọmọ Ìdànrè tilẹ̀ tún lé kan. Nínú ilé, èdè Ìdànrè ni ó ń sọ, níbi tí Ifẹ̀ ti ń jẹ́ Ufẹ̀, tí fáwẹ̀lì U sì lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohun tí kò sí nínú Yorùbá inú ìwé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ Yorùbá inú ìwé. Ní ilé-ìwé, Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó ti ń rìn láàárín méjì láìkọsẹ̀, ṣé ẹ̀kẹta ni yóò wá pa á?

Kí a tó kúrò, a fi ètò kan lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ní ọ̀sẹ̀ kan, láti inú ìdílé kan náà. Kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ òótọ́ kan nípa ilé tàbí oko wọn, kí wọ́n sì tún un lò ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ní oṣù kejì kí ó má baà sá lọ. Ọmọbìnrin wa ní oko nìkan ni òun mọ̀. A ní oko ti tó. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kókó fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó sá a. Kò mọ̀ pé òun kan náà ni “ferment” tí ó kọ́ nínú Bàólógì. Ó mọ kókó tí kò gbẹ dáadáa, èyí mú “moisture” wá. Ó mọ àwọn tí ń da búburú mọ́ rere kí wọ́n tó gbé e fún oníbàárà, èyí sì mú “adulterate” wá. Ó kọ gbólóhùn mẹ́ta lórí ìyẹn níbi tí ó jókòó sí, inú ń bí i bí ó ti ń kọ ọ́.

Ní oṣù Kìíní ni ó ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí a ń kọ èyí, èsì kò tíì jáde. Baba rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa pé ó ṣì ń bá òun lọ sí oko ní ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń pe gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún òun.