Ẹ̀gà Orí Ọ̀pẹ àti Lékeléke Inú Pápá

Ẹni tí ó bá kọ́lé sí Mowé tàbí Ìbàfò, tí ariwo ọkọ̀ òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kò tíì di etí rẹ̀ pátápátá, yóò ti mọ ẹ̀gà, ẹyẹ aláròyé, oníṣọ̀nà tí ń fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì ń fi í hun ilé rọ̀ sórí igi. Akọ ni í hun ún, abo ni í yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ abo lọ́rùn, akọ yóò tú u ká, yóò sì tún òmíràn hun. Lójú tèmi, kò sí ahunṣọ tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, lékeléke ẹlẹ́fun, tí àwọn ọmọdé ń na ọwọ́ sí kí ó fún wọn ní èékánná funfun, a máa tẹ̀lé màlúù nínú pápá, a máa ṣa tata tí pátákò ẹran bá lé sókè. Ẹyẹ yìí kan náà ló fò la òkun Àtìláńtíìkì kọjá láti Áfíríkà, tí ó sì tẹ̀dó sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún.

Òtítọ́ ni pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n igi kò tó wọn í bà mọ́, nítorí katakata ni a fi ń kọ́kọ́ kí ilẹ̀ tí a bá rà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé láti Ìfọ̀ títí dé Mowé, mo bẹ̀ yín, ẹ dá ọ̀pẹ kan sí fún ẹ̀gà.