Òkun Domburg
Ẹni tó bá dé etíkun Domburg ní ilẹ̀ Hólándì yóò rí àwọn òpó igi tí a tò wọnú òkun láti gba agbára lọ́wọ́ ìgbì. Níbẹ̀ ni Piet Mondrian ti ya òkun. Ìgbà tó ti Paris wá sílé ní 1914 ni ogun bẹ́ sílẹ̀. Kò lè padà títí di 1919. Èédú ló mú: ìlà kúkúrú tó dùbúlẹ̀ fún omi, èyí tó nàró fún àwọn òpó. Ẹni tó bá wò ó fìrí yóò ní àmì ìṣirò ni. Ẹ tẹjú mọ́ ọn, omi ń mì. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń wá owó ọ̀dà, èédú kò wọ́n.