Ilẹ̀ Tí A Rí Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Láti ìgbà tí àwọn ará ti gbọ́ pé a ti kúrò nínú ilé onílé, tí a sì ti kọ́ tiwa sí ẹ̀yìn ìlú Àjàṣẹ́, díẹ̀ ni ọjọ́ Ìsinmi tí ẹnì kan kì í dá wa dúró lẹ́yìn Mísà láti béèrè pé: apá ibo ni ó dára láti ra ilẹ̀ sí? Ìwé wo ni kí a gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á? Ìbéèrè wọ̀nyí tọ́, ohun tí a bá sì mọ̀ nínú wọn, a ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí a kò tíì sọ ní gbangba rí, òun gan-an ni ó mú wa jókòó kọ ìwé yìí.

Ní ọdún 2018 ni wọ́n gbé ìyá àwọn ọmọ wa, tí ó ń ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí, kúrò ní Kétu wá sí Àjàṣẹ́. A kó ọmọ mẹ́rin sínú yàrá méjì ní àárín ìlú. Onílé ń fi owó lé owó, àwọn ọmọ ń dàgbà, ìyá àgbà sì wà ní Kétu tí a fẹ́ mú wá sọ́dọ̀ kí ojú wa lè tó o. Ibi méjì ni owó tí a ní lọ́wọ́ ti wá: àjọ tí ìyá àwọn ọmọ ti ń dá fún ọdún mẹ́wàá, àti oko kan tí baba wa fi sílẹ̀, tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa gbà kí a tà. Ẹni tí ó bá ta ilẹ̀ baba rẹ̀ kí ó lè ra ilẹ̀ ní ìlú mìíràn, kò sí èyí tí yóò tún tà bí ó bá ṣì í rà. A mọ èyí dáadáa. Síbẹ̀ ó kù díẹ̀ kí a ṣì í rà.

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Àwa ọmọ Kétu, orí ilẹ̀ gíga ni a bí wa sí. Lọ́dọ̀ wa, omi ni à ń wá kiri. Omi kì í wá wa kiri. Kànga jìn, àwọn ìyá wa sì mọ bí ẹsẹ̀ ti ń dun ni tó nígbà tí a bá ti ọ̀nà jíjìn ru omi bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà nígbà tí a sọ fún wa pé ilẹ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá gbẹ́ ẹ tó ìdúró ènìyàn kan péré, omi ti sun, inú wa dùn. Kò wá sí wa lọ́kàn rárá pé omi tí ó súnmọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè gòkè wá kí wa nínú ilé.

Apá Djèrègbé ni ilẹ̀ náà wà, ní ọ̀nà tí ó lọ sí Kútọ̀nú. Alágbàtà tí ó mú wa débẹ̀ jẹ́ arákùnrin nínú ìgbàgbọ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Rọ́sárì ń fì níwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń fi orúkọ Màríà Mímọ́ búra bí a ti ń lọ. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ bí pátákó, yanrìn funfun tẹ́ lọ kítíkítí. 500 m² ni ó fi hàn wá, òkúta ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró ṣinṣin. Owó rẹ̀ kò ju ìdajì ohun tí wọ́n ń bèèrè ní apá Tokpota lọ. Ọ̀nà ọ̀dà kò jìnnà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Kútọ̀nú kò ní pẹ́ dé ibẹ̀. Ó ní kí a mú àsansílẹ̀ wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nítorí ará Kútọ̀nú kan ń bọ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ará Kútọ̀nú yìí, ẹ̀yin ará, gbogbo ẹni tí ó ti wá ilẹ̀ rí ni ó mọ̀ ọ́n. Ó máa ń bọ̀, kì í dé.

Àwa tí a ti kọ́ àwọn ọmọdé ní òwe ẹni tí ó kọ́lé sórí yanrìn láti ìgbà tí a ti jáde ní séminárì, tí a tilẹ̀ máa ń ya àwòrán rẹ̀ sí ara pátákó fún wọn, a dúró lórí yanrìn lọ́jọ́ náà, a sì ń wọn ibi tí yàrá yóò wà.

Obìnrin tí ń din àkàrà ni ó gbà wá. Ìyá àwọn ọmọ yà lọ ra àkàrà nígbà tí àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ owó. Bí ó ti ń dúró, ó rí i pé ìlà dúdú kan wà ní ara ògiri ilé tí ó wà lẹ́yìn obìnrin náà, ó tó orúnkún, ó sì yí gbogbo ilé ká bí ìgbà tí a fi okùn dì í. Ó tún rí i pé wọ́n ti to bíríkì mẹ́ta-mẹ́ta sí abẹ́ ibùsùn nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó bi ìyá náà pé kí ni ìlà yìí. Ìyá náà kò dáhùn tààrà. Ó wo ibi tí alágbàtà dúró sí, ó dì àkàrà sínú ewé, ó ní: “Ìyàwó, ẹ padà wá lóṣù kẹfà kí ẹ tó sanwó.”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ohùn wa kò ṣọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì fẹ́ san àsansílẹ̀ ní kíá, ó ní arákùnrin nínú ìgbàgbọ́ kò lè tan wá, ó sì ní a kò lè fi ọ̀rọ̀ alákàrà ba ọ̀rọ̀ ilé jẹ́. Èkejì ní owó àjọ òun ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun kò sì ní mú un jáde títí oṣù kẹfà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá, ẹ ti mọ ẹni tí ó ń kánjú. Ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi sọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán síra wa nínú yàrá méjì yẹn, níbi tí kò sí ibi tí ènìyàn lè bínú lọ.

Ní oṣù kẹfà a padà lọ, lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì. Zémidjan tí ó gbé wa dúró sí ibi tí ọ̀nà ti rì, ó ní òun kò lè kọjá ibẹ̀. A bọ́ bàtà. Omi tó wa ní orúnkún. A kò rí òkúta ààlà kankan; ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ni ó ń fi ibẹ̀ hàn pé ti òun ni. Ọkùnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ sọ́rùn, ó mú ìwé ọmọ náà dání lókè orí, ó ń mú un lọ sílé ẹ̀kọ́. Ṣáláńgá ti kún, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ń léfòó lọ sí ẹnu kànga, kànga kan náà tí a ti yìn pé omi rẹ̀ súnmọ́. Obìnrin alákàrà wà lórí tábìlì pẹ̀lú ààrò rẹ̀. Ó rí wa, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

A padà sílé. Nígbà tí alágbàtà pè wá lórí fóònù, a sọ fún un pé owó kò tíì pé. Ìyẹn kì í ṣe òtítọ́. Owó pé. Ṣùgbọ́n ó tì wá lójú láti sọ fún arákùnrin tí a jọ ń gba Ara Krístì pé ó ń ta adágún fún ènìyàn. A rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, a kò rí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. A ń lọ ní òwúrọ̀, a ń lọ ní alẹ́ kí a mọ̀ bóyá iná wà àti irú ẹni tí ń rìn ní òru, a sì ń lọ lẹ́yìn òjò. Ẹni tí ń tà kọ́ ni à ń bi léèrè. À ń bi àwọn obìnrin tí ń tajà lójú ọ̀nà, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò, àti ẹni tí ó bá ń tún ògiri ṣe. Ní Kétu, àwọn àgbà sọ fún wa pé nígbà tí àwọn baba ńlá wa kúrò ní Àró, ọdẹ ni ó mú ọ̀nà, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ igbó náà tẹ́lẹ̀. Alákàrà ni ọdẹ tiwa.

A wo Tokpota, a wo Adjarra, a wo ọ̀nà Akpro-Missérété. Ẹni tí ó bá mọ Àjàṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀sà wà ní gúúsù rẹ̀. Bí a bá kọjú sí àríwá, kọjá ọjà Ouando, ilẹ̀ a máa gòkè díẹ̀díẹ̀, yóò sì pọ́n bí ti Kétu. Ojú wa mọ ilẹ̀ pupa. A wo bí ọ̀nà ti jìn tó sí ilé ìwòsàn, nítorí agbẹ̀bí tí wọ́n bá pè lóru kò lè máa rìn jù. A wo ibi tí a ti lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Mísà òwúrọ̀, kí ìyá àgbà má baà gùn kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn zémidjan ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. A sì wo bóyá ẹnikẹ́ni ń sọ Yorùbá ní àdúgbò, nítorí èdè Gun tí ìyá àgbà gbọ́ kò ju ìkíni lọ. Ẹni tí kò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ilé ńlá kò lè mú un lára dá.

Ní ti ìwé, a ó sọ díẹ̀. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Benin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n sì tún apá kan rẹ̀ ṣe ní 2017, ka titre foncier sí ẹ̀rí tí ó dájú pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni. Ilẹ̀ tí ó bá ní in, iwájú nótéè ni a ti ń tà á. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ilẹ̀ ẹ̀yìn ìlú kò tíì ní in, convention de vente lásán ni wọ́n ń fún ni. Ẹ má ṣe fi ìyẹn sùn lọ. Ẹ mú awọnlẹ̀ tiyín lọ, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà, kí ẹ sì gbé ohun tí ó wọ̀n lọ sí ọ́fíìsì ANDF láti béèrè. Ilẹ̀ àjogúnbá ni ọ̀pọ̀ jẹ́: ọmọ kan lè tà á lónìí, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti Gabon dé lọ́dún tí ń bọ̀, kí ó ní òun kò mọ̀ sí i. Ilẹ̀ kan wà ní Adjarra tí ó wù wá gidigidi. Nígbà tí a ní kí gbogbo ọmọ bàbá wá fọwọ́ sí i, ẹni tí ń tà á kò tún gbé fóònù wa mọ́.

Ní ọdún 2020 a rí ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Akpro-Missérété, tí gbogbo àwọn ọmọ bàbá, lọ́kùnrin lóbìnrin, jókòó níwájú wa tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ó gbé owó wa tán. Yàrá mẹ́ta tí a kò tíì rẹ́ ni a kó wọ̀ ní 2021, páànù rẹ̀ sì ń ké nígbà tí oòrùn bá mú. Àwọn agbẹ́kànga gbẹ́ títí ó fi sú wọn. Bí wọ́n ti ń bínú pé omi kò yá, bẹ́ẹ̀ ni inú wa ń dùn. Ìyá àgbà dé láti Kétu, ó ju òkúta sínú kànga náà, ó fetí sí i pẹ́, ó ní: “Ẹ̀ẹ́n, èyí jọ tiwa.”

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ó ṣòro.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ní alẹ́ kan tí òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, tọkọtaya kan nínú ìjọ wa kan ilẹ̀kùn wa. Ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn ìyàwó, èkejì di aṣọ rẹ̀ mú, ọkọ sì ru mátíráàsì tí omi ń kán lára rẹ̀. Wọn kò tíì pé ọdún kan nínú ilé tuntun wọn. Apá Djèrègbé ni. A kò béèrè ẹni tí ó tà á fún wọn, nítorí a ti mọ̀. Inú yàrá àlejò wa ni wọ́n sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá àwọn ọmọ sì ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ náà nítorí ìgbẹ́ gbuuru mú un.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn obìnrin ti sùn, ọkọ náà bi wá pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ wá ilẹ̀ káàkiri báyìí, ṣé ẹ kò rí ibẹ̀ rí?”

A ní a rí i.

Ó wo ilẹ̀. Ó ní: “Nígbà òjò?”

A ní bẹ́ẹ̀ ni. A jọ jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò bú wa. Ó dìde, ó lọ wo bóyá aṣọ àwọn ọmọ ti gbẹ.

Wọ́n ti padà síbẹ̀ nítorí kò sí owó láti lọ sí ibòmíràn. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ra yanrìn kún ilẹ̀ náà, ọmọ wa àgbà sì máa ń lọ bá a dà á. Àwa náà ti lọ bá alágbàtà yẹn ní ilé rẹ̀, ó sì dá wa lóhùn pé òun kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí ó bi òun ní ti òjò. A sọ fún Fádà. A sì ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin báyìí, ó pẹ́ ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, bí a ti ń jáde ní Mísà, a rí i tí ó dúró ti ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń na ọwọ́ sí ọ̀nà Kútọ̀nú. Ìyá àwọn ọmọ gbé àpò rẹ̀ lé wa lọ́wọ́, ó tún gèlè rẹ̀ dì, ó sì lọ bá wọn.